Àgọ́ Afẹ́ Láàrín Erin: Àlàyé fún Ẹni tí Yóò Gbéra láti Mile 2

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ní Mile 2 ní àfẹ̀mọ́jú yóò gbọ́ ohùn àwọn agbèrò tí ń pe èrò sí Àgbádárìgì àti Sèmè. Oníṣòwò ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ń wọ ọkọ̀ wọ̀nyí. Ọjà ni ó wà lọ́kàn wọn, wọn kò ní àkókò láti ronú ẹranko igbó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà yìí, bí ènìyàn bá tẹ̀lé e kọjá ẹnu-bodè mẹ́ta, tí ó sì yà sí àríwá, yóò gbé e dé ibi tí erin gbé ń wẹ̀ ní ọ̀sán gangan lójú àwọn àlejò tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé ohun tí irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́, bí a ti ń gbé inú rẹ̀, àti iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ń ṣe. A ó sì sọ ìdí tí a kò fi lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lọ sí ibi tí ó sún mọ́ wa jùlọ nínú àwọn ọ̀dàn bẹ́ẹ̀ tí ó wà ní ojú ọ̀nà yìí.

Kí á kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀dàn ìpamọ́ ẹranko yàtọ̀ sí ọgbà ẹranko. Ẹni tí ó bá ti dé ọgbà ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ti rí kìnnìún nínú àgò irin, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ dúró yí i ká. Nínú ọ̀dàn ìpamọ́, ẹranko ni ó ń rìn fàlàlà, ènìyàn ni ó wà nínú àgò. Ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ni, ó sì lè tóbi ju ìpínlẹ̀ kan lọ. A kì í dáko níbẹ̀, a kì í ṣọdẹ, a kì í sì í gé igi.

Àgọ́ tí à ń sọ yìí kò dàbí àtíbàbà tí a ń ta síta nígbà ìnáwó, kò sì dàbí ahéré tí àgbẹ̀ ń sùn sí nígbà ìkórè. Orí pákó tí a gbé ga kúrò nílẹ̀ ni wọ́n máa ń ta á sí. Aṣọ tí ó nípọn bí tapólì ni ògiri rẹ̀, ó ní fèrèsé tí a fi àwọ̀n dí kí ẹ̀fọn má baà wọlé, sípì gígùn ni a sì fi ń ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ibùsùn gidi wà, pẹ̀lú aṣọ ibùsùn funfun, tábìlì, àga àti fìtílà. Bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn ibùsùn kọjá, yóò bá ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀. Omi gbígbóná wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní àwọn ibòmíràn ìránṣẹ́ ni yóò pọn ọ́n wá láti ìdí iná, tí yóò sì dà á sínú garawa tí a so rọ̀ sókè. Agbára oòrùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń tan iná.

Èéṣe tí wọ́n fi ń lo aṣọ nígbà tí búlọ́ọ̀kù wà? Ìtàn ni yóò dá wa lóhùn. Ọ̀rọ̀ èdè Swahili ni safari, àwọn ará etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà sì ti mú un láti inú èdè Lárúbáwá. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ìrìn-àjò lọ. Ní ọdún 1909, Theodore Roosevelt, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Mombasa pẹ̀lú Kermit ọmọ rẹ̀. Wọ́n ṣọdẹ láti ibẹ̀ títí wọ́n fi dé Khartoum ní ọdún 1910. Àwọn alárùú tí ó lé ní 200 ni ó ru àgọ́, ibùsùn, oúnjẹ, ìwé kíkà, àti iyọ̀ tí wọ́n fi ń pa awọ ẹranko mọ́. Bí àwọn olówó Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ọdẹ a máa tẹ̀lé ẹran, nítorí náà ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé ká. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń gbé kámẹ́rà pọ̀ ju àwọn tí ń gbé ìbọn lọ. Kenya tilẹ̀ fi òfin de ìṣọdẹ pátápátá ní ọdún 1977. Ìbọn kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n àgọ́ dúró, nítorí ó ní àǹfààní kan tí ilé búlọ́ọ̀kù kò ní: bí a bá ká a kúrò lónìí, kò ní pẹ́ tí koríko yóò fi bo ojú ibẹ̀.

Ní ọdún 1977 kan náà ni a ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní Èkó, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Nítorí àwọn àlejò àjọ̀dún yẹn ni a ṣe kọ́ Festac Town. Àwọn àlejò lọ, ilé dúró, ó sì di ìlú ńlá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 2 títí di òní. Àwọn ará Festac yóò tètè rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín ibùgbé àlejò méjèèjì yìí.

Ní ti ọ̀nà, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Marina wá sí Mile 2, èyí sì ti dín wàhálà àwọn ará Erékùṣù kù. Láti Mile 2, ọkọ̀ yóò gba Àgbádárìgì lọ sí Sèmè, yóò wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí a ń pè ní Dahomey títí di ọdún 1975, yóò kọjá ní Kutọnu, yóò la Tógò já, yóò sì wọ Gánà ní Aflao. Láti Àkrá, ènìyàn yóò wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Tamale ní àríwá. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè wa ní ẹ̀tọ́ láti wọ àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá pé tí ó sì ní ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá ní ìwé méjèèjì yìí, owó tí yóò ná sí ẹnu-bodè yóò pọ̀, ọ̀rọ̀ tí yóò sì gbọ́ níbẹ̀ kò ní dùn mọ́ ọn.

Ìwọ̀-oòrùn Tamale, lẹ́bàá ìlú Damongo, ni ọ̀dàn Mole wà. Ó lé ní 4,500 kìlómítà níbùú lóròó. Ìjọba yà á sọ́tọ̀ fún ẹranko ní ọdún 1958, ó sì sọ ọ́ di ọ̀dàn ìpamọ́ ti orílẹ̀-èdè ní ọdún 1971. Ilé àlejò àtijọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ní ọdún 2015, wọ́n ṣí Zaina Lodge, tí ó ní àgọ́ afẹ́ ní etí òkè, tí a fi lè máa wo adágún omi tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹranko tí ó wà ní Mole kì í ṣe àjèjì sí èdè wa: erin, ẹfọ̀n, ìrá, ìgalà, ìmàdò, ọ̀bọ oríṣiríṣi, ònì, àti ẹyẹ tí ẹ̀yà wọn lé ní 300. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé a kì í rí àjànàkú kí á ní a rí nǹkan fìrí, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ yìí pa òwe lójoojúmọ́, mélòó ni ó ti fojú kan erin rí? Èyí nìkan tó ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ rìnrìn-àjò.

Nínú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àlejò ni ó ń yan àkókò tí yóò jí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọn yóò ti wá pè é, wọn yóò fún un ní tíì gbígbóná, wọn yóò sì mú un jáde nínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹranko a máa jẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ tutù, bí oòrùn bá sì ti mú, wọn a wọ abẹ́ igi lọ. Nítorí náà, àlejò náà yóò padà wá jẹun, yóò sùn ní ọ̀sán, yóò sì tún jáde nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Nínú ọkọ̀, a kì í dìde dúró, a kì í sì í na apá síta. Ẹranko tí ó ti mọ́ ọkọ̀ lára ka ọkọ̀ àti àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sí nǹkan kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹnìkan bá nàró ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀.

Ní Mole, wọ́n ń gba àlejò láyè láti fi ẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ igbó tí ó gbé ìbọn ni yóò ṣáájú. Ẹsẹ̀ ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń rìn, ẹnìkan kì í yà sọ́tọ̀, a kì í sì í sáré bí erin bá tilẹ̀ yí orí padà. Ẹ̀ṣọ́ náà a máa bu erùpẹ̀ gbígbẹ dà sílẹ̀ láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí òórùn ènìyàn má baà ṣáájú ènìyàn dé ọ̀dọ̀ ẹran. Àwọn bàbá wa tí wọ́n jẹ́ ọdẹ yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a bá ka èyí sí wọn létí, nítorí ìmọ̀ tiwọn ni.

Òru ni ó ń dẹ́rù ba àlejò tuntun. Ọ̀pọ̀ ibùdó bẹ́ẹ̀ ni kò ní odi, nítorí náà ẹranko lè gba àárín àgọ́ kọjá lọ sí odò. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kò sí ẹni tí ń dá rìn. Ẹ̀ṣọ́ tí ó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ni yóò sin olúkúlùkù dé ẹnu àgọ́ rẹ̀, àlejò yóò fa sípì, kò sì gbọdọ̀ ṣí i mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ó bá gbọ́ tí nǹkan ń ya ẹ̀ka igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ibùsùn rẹ̀, kí ó dákẹ́, kí ó sì má ṣe tan iná sí i. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ erin, oúnjẹ rẹ̀ ni ó sì ń jẹ. Bàbá kan lè béèrè pé kí ni aṣọ lè ṣe fún erin. Nípa agbára, kò lè ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ìrírí àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé ẹranko a máa ka àgọ́ tí a tì sí ohun líle, bí àpáta, a sì máa yà fún un.

Ohun kan ni ó ń ba májẹ̀mú yìí jẹ́, èyí ni oúnjẹ. Ẹni tí ó bá gbé ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn ti ránṣẹ́ pe erin àti ọ̀bọ. Àwọn tí ó ti dé ibi ìsun omi gbígbóná Wikki ní Yankari, ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, mọ bí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ àlejò ní ojú ọ̀sán. Wọn kò bí wọn mọ́ olè jíjà. Àlejò tí ó kọ́kọ́ sọ búrẹ́dì sí wọn ni ó kọ́ wọn.

Wàyí o, iye owó rẹ̀. Ní Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù Áfíríkà, ẹnìkan lè san ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là fún òru kan ṣoṣo, ní agbègbè Okavango ní Botswana ó sì lè ju 1,000 dọ́là lọ. Owó yìí pọ̀ lójú wa, ó sì tọ́ kí á béèrè ohun tí wọ́n ń rà. Ibùsùn rere wà ní Amuwo-Odofin tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí àlejò náà ń rà ni ilẹ̀ gbalasa tí kò sí ilé níbẹ̀, tí ẹranko ṣì wà níbẹ̀, tí a kò sì gbúròó ìbọn níbẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni ó ń ṣọ́ ọ ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ní láti gba owó oṣù. Ọ̀nà fẹ́ àtúnṣe, ọkọ̀ fẹ́ epo.

Àwọn aládùúgbò náà wà níbẹ̀, àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí sì kàn jùlọ. Nígbà tí a sọ Mole di ọ̀dàn ti orílẹ̀-èdè ní 1971, a kó àwọn ènìyàn tí ń gbé inú rẹ̀ kúrò. Àwọn ọmọ wọn kò tíì gbàgbé ibi tí sàréè àwọn baba wọn wà. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá ààlà ọ̀dàn pàdé lè sùn pẹ̀lú àgbàdo tí ó gbó, kí ó sì jí bá ilẹ̀ pẹrẹsẹ, nítorí agbo erin kan tó láti jẹ ohun tí ìdílé kan yóò jẹ ní ọdún kan. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, wọ́n ti rí ọgbọ́n díẹ̀ dá sí i: wọ́n ń po ata gbígbẹ mọ́ ìgbẹ́ ẹran, wọ́n ń gbẹ ẹ́ bíi bíríkì, wọ́n sì ń dáná sí i ní etí oko ní alẹ́, nítorí erin kò fẹ́ràn èéfín ata. Àwọn ará Kenya ń so ilé oyin kọ́ yí oko ká, nítorí erin bẹ̀rù oyin, oyin náà sì di ọjà títà. Ṣùgbọ́n ata àti oyin kò lè dípò ẹ̀tọ́. Ìjọba Rwanda ti mọ èyí: láti ọdún 2017, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí ń wọlé láti inú àwọn ọ̀dàn àti igbó ìpamọ́ wọn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Ní agbègbè Mara ní Kenya, àwọn Maasai tí ó ni ilẹ̀ ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílé àgọ́. Lójú tiwa, níbi tí aládùúgbò kò bá ti rí nǹkankan gbà, ẹ kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí ó bá fi ọ̀nà han adẹ́mìíléwu tí ń wá eyín erin.

Èyí mú wa dé Pendjari, ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ó sún mọ́ Mile 2 ju Mole lọ. Pendjari àti àwọn ọ̀dàn W àti Arly, tí wọ́n so mọ́ ara wọn láti Bẹ̀nẹ̀ dé Burkina Faso àti Niger, ni ibùgbé èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú kìnnìún tí ó kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 2017, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi àbójútó Pendjari lé ẹgbẹ́ African Parks lọ́wọ́, àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún kan náà. Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Àwọn ọmọ Natitingou àti Tanguiéta rí iṣẹ́ atọ́nà, iṣẹ́ awakọ̀ àti iṣẹ́ alásè.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àwọn agbébọn gbé àlejò méjì, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lọ nínú ọ̀dàn náà. Wọ́n pa atọ́nà wọn tí ó jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ-ogun Faransé gba àwọn tí a gbé lọ náà sílẹ̀ ní Burkina Faso, méjì nínú àwọn ọmọ-ogun náà sì kú. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó nínú ọ̀dàn W. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kéde pé ọmọ-ogun 54 ni a pa ní ọjọ́ kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Àgọ́ kò wúlò níbi tí ẹ̀mí kò ti dá ènìyàn lójú. Àlejò dáwọ́ lílọ dúró, atọ́nà padà sí oko, alásè wá iṣẹ́ lọ sí Kutọnu. Kìnnìún ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ṣì ń kú nítorí wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń san owó àgọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí onímọ́tò tàn án pé kò sí ewu níbẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Yankari, tí a ṣí fún àlejò ní ọdún 1962, ni agbo erin tí ó pọ̀ jùlọ nínú èyí tí ó kù ní Nàìjíríà wà. Ilé àlejò ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe àgọ́ afẹ́. Ọ̀dàn Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó di ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991, gba ilẹ̀ tí ó ju 2,500 kìlómítà níbùú lóròó, àwókù ìlú àwọn Aláàfin àtijọ́ sì wà nínú rẹ̀. A kò mọ ọ̀dàn mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó yẹ fún irú àgọ́ yìí jù ú lọ, ṣùgbọ́n ààbò ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kí àgọ́ tó dé.

Ẹni tí ó bá pinnu láti lọ sí Mole, kí ó yan àárín oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Kẹta, nígbà tí omi inú igbó ti gbẹ tí ẹranko sì ń kóra jọ sí adágún. Kí ó kọ́kọ́ béèrè bí àlàáfíà ti rí ní àríwá Gánà, nítorí aáwọ̀ ilẹ̀ àti ti oyè a máa bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ìlú kan níbẹ̀. Kí ó mú oògùn ibà tí dókítà bá fún un, àti aṣọ òtútù, nítorí ọyẹ́ àfẹ̀mọ́jú nínú ọkọ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ a máa wọ egungun. Aṣọ aláwọ̀ erùpẹ̀ tàbí ti ewé gbígbẹ ni ó dára. Aṣọ búlúù àti dúdú a máa fa irù, eṣinṣin tí ń jẹni nínú ọ̀dàn. Bí ó bá ní awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, kí ó má gbàgbé rẹ̀ sílé. Ní ti bàtà, èyí tí ó bo ẹsẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń fẹ́ rí kí wọ́n tó mú ènìyàn wọ igbó. Ẹni tí ó bá wọ sálúbàtà débẹ̀ lè yá bàtà lọ́wọ́ wọn.